Fáànù Tí Yóò Tu Ẹ́ńjìnnì Lìádì Lára

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ilé Lìádì ní Lalupon, ògiri náà kò sì ga. Bí mo bá jókòó lábẹ́ igi mángòrò mi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, oorun a máa wọ́ mi lọ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá tún lajú, apá bàálù ni n ó kọ́kọ́ rí, tó yọ funfun lókè ògiri láàárín ewé mángòrò. Ní oṣù àkọ́kọ́, mo máa ń rò pé oorun kò tíì dá lójú mi ni. Nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára. Bí mi ò bá rí apá náà nígbà tí mo bá jí, mo máa ń nàgà wò ó bóyá wọ́n ti gbé e lọ.

Josiah lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Èmi ni mo kọ́ Lìádì níwèé kẹfà kó tó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Láti Lalupon títí dé Ìyànà Ọ̀fà, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ mọ ilé rẹ̀, nítorí òun ló ń tún gbogbo wọn ṣe. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Kì í yára sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí bàálù kan sì ń kọjá lọ sí pápákọ̀ òfurufú Alákìá, á gbójú sókè, ẹ ó sì dúró títí ariwo náà á fi lọ tán kó tó rántí pé ẹ wà níbẹ̀. Mo ti bínú kúrò níwájú rẹ̀ rí nítorí ìwà yẹn. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti lọ.

Ọdún mọ́kànlá ló fi kan bàálù tirẹ̀. Pákó ni egungun rẹ̀, aṣọ tó fi ọ̀dà funfun kùn ni awọ rẹ̀, ìjókòó kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n bi í pé ibo ló fẹ́ gbé e lọ. Ó ní kò síbì kankan, pé oko ẹ̀gẹ́ bàbá òun lòun fẹ́ fò kọjá lórí rẹ̀, kí òun sì balẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Tíṣà," ó wí fún mi lọ́jọ́ kan. "N ò bẹ Ọlọ́run ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹ́ńjìnnì bàálù náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Ọláwálé, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí ohun ọ̀gbìn, ló ní mọ́tò tokunbọ̀ kékeré kan tó kú sórí títì ní Ìyànà Ọ̀fà. Gbogbo mẹkáníìkì tó tú u wò ló dè é padà kíákíá, nítorí wọn ò rí písítìnì kankan nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ohun onígun mẹ́ta kan ni wọ́n bá níbẹ̀, tó ń yí po nínú ilé rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ro ọkà. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò lè fi irú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù òun mọ́jú. Lìádì ní tirẹ̀ wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó kéré, ó fúyẹ́, agbára rẹ̀ sì pọ̀. Ọláwálé ní kó máa gbé e lọ, kó sáà máa sọ bó bá ṣe ń lọ sí fún òun.

Àléébù kan ṣoṣo ló ní, ooru ni. Bí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn á máa wọ inú rédíétọ̀, omi á máa tutù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìjókòó ni Lìádì gbé ẹ́ńjìnnì sí nínú bàálù tirẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ igi ńlá tí yóò ti bàálù síwájú wà ní ẹ̀yìn pátápátá, atẹ́gùn kò sì rọ́nà dé ibi tí rédíétọ̀ wà. Nígbà àkọ́kọ́ tó tan án, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni omi fi hó. Ní góńgó igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ohun tí ń yí po yẹn, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní síìlì. Bí wọ́n bá bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì kú nìyẹn. Ooru ọjọ́ náà jẹ wọ́n run. Ọdún méjì ni Lìádì fi dúró kí ẹ̀gbọ́n Ọláwálé tó rí òmíràn fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó fi tì í pé ìwọ̀nyí ni ìkẹyìn tí ọwọ́ òun lè tó.

Ohun tó wà nílẹ̀ kò wá ṣòroó yé. Lìádì gbọ́dọ̀ wá fáànù kan tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ yóò máa fi bẹ́líìtì yí, tí yóò sì máa fẹ́ atẹ́gùn gba inú rédíétọ̀. Bó bá yan èyí tó tọ́, yóò fò. Bó bá ṣì í yàn, síìlì ìkẹyìn á jóná, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá á sì di ilé adìyẹ.

Ọyẹ́ mú lọ́dún náà. Láàárọ̀, ìkùukùu a bolẹ̀ débi pé ohùn àwọn tó ń lọ sóko la máa ń gbọ́, a ò ní rí wọn, a ó sì kí wọn, wọ́n á dá wa lóhùn láti inú funfun yẹn. Nínú ìkùukùu náà ni Lìádì ti ń jáde lọ wá fáànù. Ó lọ sí ẹ̀yìn ilé àwọn tó ń tú mọ́tò palẹ̀, ó lọ sí ẹbu epo, ó dé Akanran. Ó wá kó fáànù mẹ́ta jọ. Ọ̀kan jẹ́ ti mọ́tò kékeré, tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ sọ ìyẹn nù, nítorí ó ti rẹ fáànù náà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìkejì ni ti ọkọ̀ akẹ́rù, abẹ rẹ̀ méje, ó fẹ̀ tó ọpọ́n. Ìkẹta ló gbà lára ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń fẹ́ èèpo kúrò lára èkùrọ́. Èyí wà nínú ilé irin tó ká bí ìkarahun ìgbín, afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọlé, ó sì ń gba ẹnu kan ṣoṣo jáde.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ yàn, gbogbo wa la pé jọ síwájú ẹbu gàrí tó wà nínú àgbàlá Lìádì. Mo kórìíra àwọn tí kò mọ nǹkan tí wọ́n sì ń gbani nímọ̀ràn. Ká sọ tòótọ́, mo wà lára wọn, mo tilẹ̀ gbé àga lọ. Luqman, tó ń na ara mọ́tò tó bá ti wó, ló ni fáànù ọkọ̀ akẹ́rù, òun ló sì ń pariwo jù.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìwà wa kan. Ní Lalupon, ẹ̀rọ tó bá dún jù la gbà pé ó lágbára jù. Ẹ̀rọ tí ìró rẹ̀ bá dé òpópónà ni àwọn obìnrin ń gbé ẹ̀gẹ́ wọn lọ bá. Àwọn tó ni ẹ̀rọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì yọ sàláńsà rẹ̀ kúrò kó lè máa ké. Mo ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún ọdún márùndínlógójì, síbẹ̀ èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Wọ́n so fáànù Luqman mọ́ ẹ̀rọ kan, wọ́n tan án. Ilẹ̀ gbọ̀n. Wọ́n wá da pàǹtí gàrí, èyí tí ajọ̀ kọ̀, sí iwájú rẹ̀. Pàǹtí náà fò kọjá àgbàlá, ó fò kọjá ògiri mi, ó sì lọ bo aṣọ tí mo sá. Luqman fi ìṣísẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó di mẹ́rìndínlógún. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n so onílé ìgbín náà mọ́ ọn. Ìyẹn kàn ń kùn wùùù. Pàǹtí rẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ.

"Ọ̀rọ̀ ti tán," ni mo wí. Mo rántí dáadáa pé èmi ni mo kọ́kọ́ wí i. Lìádì ti mú sípánà, ó fẹ́ lọ de fáànù ọkọ̀ akẹ́rù mọ́ bàálù, kó sì tan ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Fàtímọ̀ jáde láti inú ẹbu. Ìyàwó Lìádì ni, òun ló sì ni ẹbu náà. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń dúró ti ẹ̀rọ tí kò ní sàláńsà, ẹ̀rọ náà sì ti kó púpọ̀ lọ nínú etí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ ní láti dúró níwájú rẹ̀ kó lè máa wo ẹnu yín. Omi ẹ̀gẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Bàbá Kifayah," ó wí fún ọkọ rẹ̀, "ẹ gbé rédíétọ̀ yẹn síwájú rẹ̀ ná."

"Kí la fẹ́ fi ṣe?" Lìádì bi í.

"Ṣebí òun ni yóò máa fẹ́ sí? Kì í ṣe àgbàlá."

Luqman rẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń dún ni?"

"N ò gbọ́," Fàtímọ̀ wí. "Mo ń wò ó ni."

Wọ́n gbé rédíétọ̀ náà síwájú fáànù ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n dí ẹ̀gbẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa rí nínú bàálù, wọ́n sì tan án. Ariwo náà tún pọ̀ sí i. Fàtímọ̀ lọ sí ẹ̀yìn rédíétọ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó tutù síbẹ̀. Ó dúró pẹ́. Ó pè mí, mo lọ na ọwọ́ tèmi náà. Kò sí nǹkan. Ó ku díẹ̀ kí n sọ pé wọn ò tíì tan án. Ó wá bu pàǹtí díẹ̀ sí àárín fáànù àti rédíétọ̀. Pàǹtí náà yí po, ó sì padà wá sójú Luqman.

 Wọ́n gbé onílé ìgbín síbẹ̀, wọ́n tan án, ó ń kùn wùùù bíi ti tẹ́lẹ̀. Fàtímọ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn rédíétọ̀, ó sì di ojú. Èmi náà na tèmi. Atẹ́gùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń jáde gba gbogbo ojú ihò rédíétọ̀ náà, kò yára, kò dáwọ́ dúró, ó ń gbẹ omi ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan ló ń ṣẹlẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ọyẹ́ ń fẹ́, èéfín gàrí ń lọ lókè orí wa, ara mi sì balẹ̀ lọ́nà kan tí mi ò lè ṣàlàyé. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé ó yẹ kí ojú máa tì mí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Luqman bi í, ó ń nu ojú rẹ̀.

"Bí igi bá kún inú ààrò dí, ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ wò," ó wí. "Eérú ni yóò bù yín lójú. Ẹnu la fi ń fẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ mọ ìta gbangba ni. Bí nǹkan bá dí i lọ́nà, á padà sílé."

Ó yí padà, ó wọ inú ẹbu lọ, gàrí rẹ̀ ti fẹ́ jóná.

Mo rò pé Lìádì á bínú. Kò bínú. Ó fi sípánà sílẹ̀, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àpò ẹ̀gẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí oòrùn fi là. Nígbà tó yá, ó wá síbi ògiri wa.

"Tíṣà," ó wí, "ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sọ̀rọ̀ bàálù yìí. Mo bá yín sọ ọ́, mo bá Ọláwálé sọ ọ́. N ò bi obìnrin yẹn ní ìbéèrè kan rí. Mo rò pé kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀." Omi wà lójú rẹ̀. Mo ní kó wá mu omi.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kò tán láàárín àwọn méjèèjì. Ilé irin fáànù náà wúwo jù, Lìádì sì fi páànù aluminíọ̀mù ìbolé ṣe òmíràn. Fàtímọ̀ ló ń di etí páànù náà mú fún un bó ṣe ń ká a. Wọ́n á da iyẹ̀fun láfún díẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á yí i, wọ́n á wo ibi tí iyẹ̀fun náà bá ti kóra jọ, Fàtímọ̀ á sì fọwọ́ tọ́ka pé ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń sinmi nígbà tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́. Lìádì á tún ibẹ̀ ká. Lábẹ́ mángòrò mi, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ sókè, tó ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta títí ìyàwó rẹ̀ á fi gbọ́. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀! Oorun á gbé mi lọ nínú ohùn yẹn, n ó jí, n ó sì tún bá wọn lẹ́nu rẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kìíní, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Èmi ni mo di aago mú. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá, omi kò hó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Nígbà tó pé ogún ìṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ géèjì ooru ṣì dúró ní àárín. Lìádì pa á fúnra rẹ̀. Ó ní kí àwọn má fi ìgbádùn jẹ síìlì tán.

Ní oṣù Kejì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, wọ́n ti bàálù náà lọ sí ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹbí wọn. Wọ́n ti ro ó, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn lọ títí ó fi wọ inú ìkùukùu. Mi ò fẹ́ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, n ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn.

Lìádì wọlé, ó so ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó, ó tan ẹ́ńjìnnì. Ó dúró kó yá gágá. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó ń fo lórí ilẹ̀ tọ́ntọ́n, ìrì ń ta lábẹ́ táyà rẹ̀, a ò sì rí i mọ́ nínú ìkùukùu. Ìró rẹ̀ nìkan la ń gbọ́. Lójijì ni ó yọ lókè funfun náà, apá rẹ̀ gba oòrùn, ó sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí oko ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ̀. Mo pariwo. Èmi, àgbàlagbà, mo ń pariwo, mo ń fo sókè, fìlà mi já bọ́. Ó rọra yí po lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ta lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró.

A sáré lọ bá a. Fàtímọ̀ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Lìádì jókòó síbẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀.

"Kí lẹ rí?" Fàtímọ̀ bi í. "Ẹ sọ fún mi. Báwo ni oko ṣe rí láti òkè?"

Lìádì wò ó. Ó dorí kodò, ó kùn nǹkan kan sẹ́nu.

"Ẹ wí i, n ò gbọ́."

"N ò rí nǹkan kan," ó wí sókè, ohùn rẹ̀ sì ya. "Géèjì ni mò ń wò. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílẹ̀ títí mo fi balẹ̀, abẹ́rẹ́ géèjì ni mò ń wò. Kò kúrò lójú kan. Kò kúrò rárá, Fàtímọ̀. Èmi ni n ò wo ibòmíràn."

Luqman fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fi ìgbúnwọ́ gún un. Ó dùn mí gan-an. Kí èèyàn fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ohun kan, kó wá débẹ̀ tán, kí ojú rẹ̀ máa wo abẹ́rẹ́!

 Fàtímọ̀ lọ sí ẹ̀yìn bàálù, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ara rédíétọ̀, ó sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó padà wá síwájú. Ó fa ìborùn rẹ̀ ya létí, ó tẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì so àkísà náà mọ́ ojú géèjì títí a ò fi rí abẹ́rẹ́ náà mọ́.

"Mo ti fọwọ́ kàn án," ó wí. "Kò gbóná. Ẹ padà lọ."

"Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bẹ̀."

"Ẹ ò tíì lo ẹ̀ẹ̀kan yẹn. Ẹ lọ, kí ẹ wá sọ fún mi."

Ó tan ẹ́ńjìnnì. Ìkùukùu ti ń ká nílẹ̀ nígbà náà, a sì rí gbogbo ọ̀nà tó gbà. Ó gbéra, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń bọ̀ lórí wa. Fàtímọ̀ di apá mi mú, ó bi mí pé kí ni ọkọ òun ń wò, pé ojú òun kò ríran débẹ̀ dáadáa. Mo fọwọ́ ṣíji bo ojú. Mo rí orí Lìádì tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, tó ń wo ilẹ̀.

Mo yíjú sí i kó lè rí ẹnu mi. "Ìta ló ń wò," ni mo wí.